Irọ́ Kíákíá àti Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sún mọ́ ìhín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tán kó tó jókòó. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti iwin inú igbó. Ìtàn ọmọ ilé ìwé bíi tiyín ni, ọmọ tó mọ iṣẹ́ débi pé ó fi ìmọ̀ náà gbé irọ́ dìde. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí àyà ẹnì kankan nínú yín kò já, kó wá ṣí fìlà lórí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Ọkọ̀ funfun kan yà wọ inú ọgbà mẹkáníìkì kan lẹ́bàá títì. Obìnrin ni mẹkáníìkì náà, Ìyá Ẹ́ńjìnì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó bá da etí bo ẹ́ńjìnì, ẹ ó rò pé ẹ́ńjìnì náà ń sọ àṣírí fún un ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé girama. Kíákíá ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe nǹkan. Kíákíá ló ń jẹun, kíákíá ló ń tú táyà, kíákíá ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ẹlòmíràn. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ló ti mọ irin iṣẹ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀.

Agbẹ̀bí ìlú ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, obìnrin àgbàlagbà kan tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í rí àbààwọ́n.

“Ìyá Ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ yìí ti sọ mí di ẹlẹ́yà! Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, kíá ló ń dáhùn. Bó bá di ọ̀sán, á kọ etí ikún sí mi. Á kàn ṣe ‘tá!’ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á dákẹ́. Bí mo bá jókòó díẹ̀, tí mo bẹ Ọlọ́run díẹ̀, á tún jí.”

“Ẹ kú wàhálà, mà. Bó bá kọ̀ báyẹn, ṣé iná iwájú ọkọ̀ yín máa ń tàn?”

“Ó ń tàn yòò.”

“Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣé iná náà máa ń ṣe bàìbàì?”

“Rárá o.”

“A jẹ́ pé kì í ṣe bátìrì. Ibo ló ti máa ń ṣe é jù?”

“Orí fẹ́rì! Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan mọ́tò sílẹ̀ bí wọ́n bá ń gbé wa sọdá odò. Bí a bá dé èbúté, tó yẹ kí n wà á kúrò, ìgbà yẹn ni wèrè rẹ̀ máa ń dé. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí kì í ṣe èyí téèyàn lè tì kó tan, ọtomátíìkì ni, kò ní kílọ́ọ̀ṣì.”

Ìyá Ẹ́ńjìnì jókòó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dáhùn. Ó pa á, ó tún yí i. Ó dáhùn. Ìgbà mẹ́wàá ló yí i, ìgbà mẹ́wàá ni ọkọ̀ náà ń dáhùn bí ọmọlúàbí.

“Ẹ wò ó,” ni agbẹ̀bí wí, “bí ọmọ tó ń ya ìpáǹle títí bàbá rẹ̀ fi wọlé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu agbẹ̀bí. Ó ní, “Gbọ́, má ṣe é ní eré. Obìnrin kan wà lódìkejì odò. Ọmọ dábùú sí i nínú, kò lè bí i fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni dókítà máa ṣe fún un. Lọ́la ni mo ń lọ gbé e wá, bí ìrọbí bá sì mú un kí n tó dé, kò sí ìṣẹ́jú kan tí a lè fi ṣòfò. Bó o bá mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ṣeé gbára lé, sọ fún mi lónìí, kí n lọ bẹ ilé ìwòsàn pé kí wọ́n yá mi ní tiwọn. Wọn ò ní kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú.”

“Ẹ padà wá ní aago mẹ́fà, mà. Bí mo bá rí i, màá tún un ṣe. Bí n kò bá rí i, màá sọ fún yín pé n kò rí i.”

Bí agbẹ̀bí ṣe lọ tán ni wọ́n sáré wá pe Ìyá Ẹ́ńjìnì: bọ́ọ̀sì kan tó kún fún èrò ti kú sójú ọ̀nà. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fa iná ìdánwò lé e lọ́wọ́. Gílóòbù kékeré kan tí wọ́n so mọ́ wáyà méjì ni.

“Kọ́kọ́rọ́ ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ. Wáyà ni ìránṣẹ́. Sítátà ni òṣìṣẹ́ tó ń yí ẹ́ńjìnì. So iná yìí mọ́ wáyà tín-ín-rín tó wọ inú sítátà. Tan ọkọ̀ kó gbóná, pa á, ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá kọ̀ tí iná yìí kò tàn, ìránṣẹ́ ló sọnù lọ́nà. Bó bá kọ̀ tí iná yìí tàn, iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, òun ló jókòó. Èyíkéyìí tó o bá rí, kọ ọ́ sínú ìwé, kó o sì pè mí. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Mo ti gbọ́, Màámi.”

“N kò tíì parí. Má lu sítátà. Bó o bá lù ú, yóò jí, ṣùgbọ́n o ti pa ẹlẹ́rìí. Àrùn náà kò lọ, ó kàn wọ yàrá lọ sápamọ́ ni.”

Kíákíá bẹ̀rẹ̀. Ó tan ọkọ̀, ó gbóná, ó pa á, ó ń wo aago. Ọkọ̀ dáhùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó tún ṣe é, ọkọ̀ tún dáhùn. Oòrùn ń mú, òógùn ń kán sórí ìwé. Ìgbà mẹ́fà ló ti ṣe é nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti bàtà bọ́ọ̀lù lọ́rùn.

“Kíákíá! Ṣé ìwọ àti ọkọ̀ yìí ti ṣègbéyàwó ni? Olùkọ́ eré ìdárayá ti dé pápá o, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀.”

“Màámi ní n kò gbọdọ̀ kúrò.”

“Aago mẹ́rin ni wọ́n máa yan àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ rèé, ìwọ ti jáde. Ìgbà wo lo wá fẹ́ gbá a, ìgbà tó o bá di ìyá àgbà?”

Kíákíá wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà keje.

Tá!

Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ́ńjìnì kò mira. Ṣùgbọ́n gílóòbù kékeré náà tàn, ó pọ́n bí ẹyinjú ológbò. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń wá ló dúró síwájú rẹ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ ló jókòó. Sítátà ni.

Fóònù wà lápò rẹ̀. Ó fà á yọ, ó wo nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Bó bá pè é, ó mọ ohun tí yóò gbọ́: “Jókòó tì í, mo ń bọ̀.” Bíbọ̀ yẹn, wákàtí kan ni ó kéré tán. Pápá á ti túká.

“Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

“Ó ti kọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá irú rẹ̀ ṣàròyé. Irin ló fi ń lù ú.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe pé Kíákíá kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni à ń kọ́. Ó mú ìdí sípánà ńlá kan, ó yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó lu sítátà lẹ́ẹ̀mejì, gbọ̀n, gbọ̀n. Ó jáde, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ bú ramúramù. Ó pa á, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta sí i láìka ìṣẹ́jú kankan. Ó ń dáhùn. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Ó ti dáa nìyẹn.” Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: *Ìgbà mẹ́rìnlá, kò kọ̀ rárá. Wáyà kan tú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítátà. Mo ti dè é.* Ó pa ìwé dé, ó sáré tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n yàn án. Aṣọ nọ́ńbà kẹsàn-án ni wọ́n fún un. Nígbà tó fi padà sílé, ìyá rẹ̀ ti dé, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìgbà mẹ́rìnlá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Kò kọ̀ rárá?”

“Kò kọ̀.”

“Wáyà yìí ńkọ́? Ṣé o fi ojú ara rẹ rí i pé ó tú?”

“Mo fọwọ́ kàn án, ó ń mì.”

Ìyá wo ọmọ bí ẹni ń wo odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tan án lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó dáhùn. Ìyá tí kò bá gba ọmọ rẹ̀ gbọ́, ta ni yóò wá gbà gbọ́? Nígbà tí agbẹ̀bí dé, Ìyá Ẹ́ńjìnì kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní ọkọ̀ ti dáa. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn sùn síbi tó wà, kò sẹ́ni tó lọ yá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó ní ẹni tó máa ń bá òun lọ ti fi ẹsẹ̀ rọ́. “Ìyá Ẹ́ńjìnì, yá mi ní ọmọ rẹ. Mo fẹ́ ẹni tó lágbára tó máa di ẹ̀yìn obìnrin náà mú lọ́nà.”

“Kíákíá, tẹ̀lé Màmá.”

Kí ló máa sọ? Ó wọ inú ọkọ̀. Ara rẹ̀ tutù bí ara ọ̀pọ̀lọ́.

Ní àlọ, ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pa á lórí fẹ́rì, ó jí. Kíákíá mí kanlẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n dé abúlé tí wọ́n bá obìnrin náà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń di férémù ilẹ̀kùn mú, tí ìrọbí ti mú un láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń mọ bíríkì, kò lè bá wọn lọ nítorí ọmọ mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Ó kàn ń sọ pé, “Màmá, ẹ bá mi mú un padà wá. Ẹ bá mi mú un padà wá.”

Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Kíákíá di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Bí ìrora bá gbé e, á di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú títí egungun á fi ń ké. Agbẹ̀bí ń sáré, ọkọ̀ gbóná. Wọ́n dé etí odò, wọ́n gun fẹ́rì. Àwọn ló wà níwájú pátápátá, ọkọ̀ akóyanrìn kan wà lẹ́yìn wọn.

“Ẹ pa ẹ́ńjìnì! Gbogbo mọ́tò, ẹ pa á!” ọkùnrin tó ń ṣọ́ fẹ́rì ń pariwo.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn,” ni Kíákíá wí.

“Kí ló dé?”

“Ó… ó kàn sàn bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọmọdé yìí, ṣé ìwọ lo ni odò?” ọkùnrin náà dá a lóhùn. “Òfin ni. Ẹ pa á!”

Agbẹ̀bí pa á. Ẹ rí i, ilẹ̀kùn kejì ṣí fún ọmọ yìí láti sọ òtítọ́, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fẹ́rì fi ń sọdá. Ẹni tó bá ti purọ́ rí, tó ń dúró kí irọ́ náà dé, ló mọ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe gùn tó.

Wọ́n dé èbúté. Wọ́n sọ irin ìsọ̀kalẹ̀ sílẹ̀. Agbẹ̀bí yí kọ́kọ́rọ́.

Tá!

Ó tún yí i. Tá! Obìnrin tó wà lẹ́yìn ké, igbe kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọkọ̀ akóyanrìn ń fun fèrè.

“Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀,” ni agbẹ̀bí wí. “Ó máa ń jí fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ sì ti tún un ṣe.”

Kíákíá bẹ́ sílẹ̀, ó fa irin jáàkì yọ, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ nínú omi àti ẹrẹ̀, ó lu sítátà. “Ẹ yí i!” Tá. Ó tún lù ú. “Ẹ yí i!” Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ ṣe tá mọ́. Ẹ̀tàn àná kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí.

Ó jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú. “Màmá, Màámi kò tún un ṣe. Ó kọ̀ lánàá lójú mi. Mo lù ú, ó jí, mo sì kọ irọ́ sínú ìwé torí mo fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù.”

Agbẹ̀bí wò ó. Kò bú u. “Pe ìyá rẹ,” ló wí.

Ìyá Ẹ́ńjìnì gbé fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kíákíá sọ gbogbo rẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bì. Ìyá rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Lánàá, nígbà tó kọ̀, ṣé iná náà tàn?”

“Ó tàn, Màámi.”

“Sítátà ti kú nìyẹn. Kò ní jí mọ́, ẹ má dúró dè é, ẹ má sì dúró dè mí. Ẹ tì í kúrò lójú ọ̀nà, kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín gbé obìnrin náà. Báyìí báyìí!”

Àwọn èrò fẹ́rì bọ́ bàtà. Ẹrẹ̀ ń yọ̀, òkè èbúté sì ga. Lẹ́ẹ̀kíní, ọkọ̀ náà sún sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún sún. Nígbà kẹta, wọ́n tì í dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n gbé obìnrin náà sí iwájú ọkọ̀ akóyanrìn, agbẹ̀bí di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n lọ. Kíákíá dúró nínú ẹrẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó wọ ọkọ̀.

Wọ́n fi ohun tó lé ní wákàtí kan pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, kò ké. Wọ́n lù ú nídìí, wọ́n fún un ní atẹ́gùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá kó tó ké. Ìyá rẹ̀ sọ ẹ̀jẹ̀ nù débi pé odidi oṣù kan ló fi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Agbẹ̀bí pe Kíákíá, ó ní, “Ohun tó o sọ fún mi létí odò, n kò ní bá ọ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tìrẹ ni láti sọ.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìlú ti ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Ẹ́ńjìnì ló fẹ́ pa aboyún. Ìyá Kíákíá gbọ́. Kò na ọmọ rẹ̀. Ó kàn gbé sítátà ọkọ̀ náà síwájú rẹ̀, ó ní, “Tú u. Wá ohun tó ṣe é.”

Ibi tí Kíákíá ti ń tú u lọ́wọ́ ni ọkùnrin tó ń mọ bíríkì wọ inú ọgbà wọn. Oníbàárà mẹ́rin ló jókòó níbẹ̀.

“Ìwọ ni mẹkáníìkì náà?” “Ìwọ lo sọ fún agbẹ̀bí pé ọkọ̀ ti dáa? Ṣé o mọ̀ pé òkú méjì lo fẹ́ kó lé mi lọ́wọ́?”

Ìyá Ẹ́ńjìnì kúnlẹ̀ tòun ti epo lára. “Ẹ má bínú, bàbá. Ọwọ́ mi ni ọkọ̀ náà ti jáde. Ẹ̀bi mi ni.”

Kò wẹ̀yìn. Kò wo ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Àwọn oníbàárà ń wo ara wọn, ọ̀kan ti ń dìde.

Kíákíá wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lórí ìyá rẹ̀, á sì tán síbẹ̀. Ó dìde.

“Bàbá, ẹ má bú Màámi mọ́. Èmi ni. Màámi ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi mí, mo purọ́. Wọn ò mọ nǹkan kan.”

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, Kíákíá rò pé yóò gbá òun létí, ó di ojú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó sórí táyà kan.

“Fi ohun tó bàjẹ́ hàn mí.”

Kíákíá nawọ́ sí i. Kábọ̀n méjì ni, àwọn ègé dúdú tó ń gbé iná wọ inú sítátà. Ó yẹ kí wọ́n gùn tó oríkèé ìka, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ tán, wọn kò ju èékánná lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á kan ibi tó yẹ, nígbà mìíràn wọn kò ní kàn án. Bí èèyàn bá lu sítátà, wọ́n á kàn fún ìgbà díẹ̀.

Ọkùnrin náà yí wọn lọ́wọ́. “Èyí kọ́ ló fẹ́ pa ìyàwó mi,” ló wí. “Ohun tó o kọ sínú ìwé ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló dé tó o sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

“Màámi ló kúnlẹ̀, sà. Èmi ló yẹ kó kúnlẹ̀.”

Ó dìde, ó gbé Ìyá Ẹ́ńjìnì dìde, ó yíjú sí àwọn oníbàárà. “Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí mo ti bú ìyá rẹ̀ fún.” Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó kàn ní àwọn ọmọ mẹ́ta wà nílé tí kò sẹ́ni tó ń fọ aṣọ wọn.

Fún oṣù kan gbáko, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé, Kíákíá ń gun fẹ́rì sọdá lọ fọ aṣọ, ó ń pọnmi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà níwèé. Ẹlòmíràn ló wọ aṣọ nọ́ńbà kẹsàn-án.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó sọ pé “n kò rí i” kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó rí i tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ń gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ìkánjú tó bá bí irọ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí òtítọ́ bá tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ẹ jẹ́ kó dé. Ó ṣì lè gba ẹnì kan là.

Ọkùnrin tó ń mọ bíríkì náà ló sọ ọ́ fún mi, àna mi ni. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìjókòó, ọmọ tí kò ké fún ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ń sáré yí wa ká, ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ ni mo sọ fún yín yìí.